Ibi tí Bàbá ti Rẹ́rìn-ín

Fìlà ló mú mi. Mo jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kàbà, èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò, à ń wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ìránṣẹ́ inú rẹ̀ wọ agbádá ọ̀gá rẹ̀, ó gẹ fìlà sápá òsì. Kámẹ́rà kọjú sí àwọn àlejò, ó padà, fìlà ti wà lápá ọ̀tún. Mo pariwo. Kò sẹ́lòmíràn tó rí i. Bàbá, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Òótọ́ ni. Ojú rẹ mú." Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè wo fíìmù bí àwọn ènìyàn ṣe ń wò ó mọ́.

Irinṣẹ́ ìkọ́lé ni mò ń tà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìmọ̀ fíìmù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí nípa fíìmù yẹn, mo lè sọ ibi tí òjìji kámẹ́rà ti bọ́ sára ògiri, mo sì lè fi hàn yín pé adìyẹ tó sá wọlé kọ́ ló sá jáde.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Olówó kan gbọ́ pé àwọn àna rẹ̀ tí wọn kò rí i rí ń bọ̀. Ẹ̀rù wọn bà á, ó wọ ìránṣẹ́ rẹ̀ láṣọ, ó ní kó jókòó bí ọ̀gá. Ará ilẹ̀ wa ní Kàbà ni ìránṣẹ́ náà. Kò lè ṣe ọ̀gá, torí bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, yóò na gbalaja sílẹ̀, yóò fi imú sọ̀rọ̀ pé, "Okun o!" Ẹni tó gbé omi wá, okun o. Adìyẹ kọjá, okun o. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, bí a sì ṣe ń kí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ nínú fíìmù kankan rí àfi ìyẹn. Iyì ni mo kà á sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ayé kò mọ̀ wá, fíìmù yẹn ni mo máa ń nà sí i.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n tún fíìmù náà ṣe. Ọmọ ìgboro tí ń ṣọ́ géètì ni wọ́n fi ṣe ìránṣẹ́. Okun kò sí níbẹ̀ mọ́. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ fíìmù àtijọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti pa wá rẹ́. Àwọn ènìyàn gbè mí lẹ́yìn, wọ́n ní kí n wo méjèèjì pọ̀, kí n fún wọn ní máàkì lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní n óò kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó fi àtijọ́ hàn mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ bá Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, mo dìde. Mo mú fìlà Bàbá, mo dé e, mo na gbalaja síwájú Ìyá, mo fi imú pariwo, "Okun o!"

"Dìde ńlẹ̀, àgbàlagbà," ni Ìyá wí. "Ẹ̀yìn rẹ ni yóò máa dùn ọ́."

Bàbá rọra mú ẹnu ṣe ẹ̀rín. Mo wá yíjú sí i. "Bàbá, ẹ bá wa ṣe é. Ẹ̀yin gan-an lẹ ní ohùn yẹn."

Ó wo ilẹ̀. Mo tan fíìmù àtijọ́.

Ó wo àtijọ́ tán, èmi nìkan ni mò ń ṣàlàyé. A bọ́ sí tuntun. Nínú ìyẹn, nígbà tí ìránṣẹ́ ti di ọ̀gá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló di ìránṣẹ́, àwọn àna sì ní kó lọ gúnyán. Ó di ọmọ odó mú bí ẹni di agbòjò mú. Iṣu fò jáde lu ògiri. Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Gún un! Ọ̀gá, gún un!" Ó ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá da ẹ̀gúsí sílẹ̀.

Ó ká mi lára. "Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n ti yọ wá kúrò ni?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó nu ojú. "Kúùkù ni mo jẹ́ n'Ìbàdàn, o mọ̀. Bí àlejò bá dé, ọ̀gá mi á pè mí láti ilé ìdáná: 'Ará Kàbà, wá kí wọn!' Màá na gbalaja, màá ní okun o. Wọn á rẹ́rìn-ín. Á ní kí n tún un ṣe. Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, ó fún mi ní ẹ̀rọ fídíò, ó fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn lé e. Ó ní kí n máa wo ara mi."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń fi í hàn wá?"

"Òun nìkan ni mo ní. Ẹ̀yin ọmọ sì ń gbádùn rẹ̀."

Ìyá kò wò mí. "Kò sóhun tí o kì í rí nínú fíìmù," ló wí, "o ò wá rí i pé ẹni tó jókòó tì ọ́ kì í rẹ́rìn-ín."

Fìlà Bàbá ṣì wà lórí mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣí i. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ níwájú wọn. Bí mo bá tún ṣe é, kí ni yóò jọ lójú rẹ̀? Mo lóṣòó, mo ń ṣa ẹ̀gúsí Ìyá nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí mi wà nísàlẹ̀. Nígbà tó yá mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mo ti gbọ́. Kí ni o ní wọ́n ń retí? Máàkì? Fún tuntun ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

"Mẹ́rin! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga?"

"Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iyán tí wọ́n gbé síwájú àwọn àna, tó ń dán yẹn, ṣé ọ̀lẹ yẹn ló gún un? Irọ́ ni. Wọ́n lọ rà á ni."

"Àtijọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ lo fẹ́ràn rẹ̀. Fún un ní tìrẹ."

Kò rọrùn. Mẹ́sàn-án ni mo ti máa ń fún un. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, wọn kò pa wá rẹ́. Mo sọ ohun tí ọ̀gá kan ń mú kúùkù rẹ̀ ṣe, mo sì sọ pé èmi náà ní kó ṣe é. Lẹ́yìn náà mo tẹ máàkì: tuntun, mẹ́rin. Àtijọ́, mẹ́ta, ọ̀kan fún ìtàn, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún àwọn àna. Ìránṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa na gbalaja, òdo.