Tíṣà Artatrana àti Elégédé Ọjọ́ Ràhú

Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé mi àti ilé Tíṣà Artatrana, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn ọkùnrin náà fún mi. Sáyẹ́ǹsì ló fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé wa títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Prafulla, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ ní ìlú Surat tó jìnnà sí wa, Kuntala ìyàwó Prafulla ló sì ń se ìrẹsì fún bàbá ọkọ rẹ̀.

Kò sí ohun tó ń bí Tíṣà nínú tó Ràhú. Orí lásán ni Ràhú, ẹbọra tí àwọn òrìṣà bẹ́ lọ́rùn, ìbínú yẹn ló fi máa ń gbé oòrùn mì. Tó bá ti gbé e mì, a kì í jẹun. A máa ń da oúnjẹ tó wà nílẹ̀ nù, a sì máa ń fọ́ ìkòkò amọ̀ tí a fi sè é. Aláboyún kì í yọjú síta, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ, kí ọ̀bẹ má baà gé ọmọ inú rẹ̀.

Tíṣà á tan àtùpà, á gbé ọsàn síwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Òṣùpá ló dúró síwájú oòrùn, òjìji rẹ̀ ló bọ́ sórí wa. Àbí orí tí kò ní ikùn, ibo ló ń kó oúnjẹ sí?" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á bá ìyá wọn fọ́ ìkòkò.

Nígbà tí oyún Kuntala ti tóbi débi pé kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, oòrùn fẹ́ dúdú lọ́sàn-án gangan. Tíṣà kó àwọn ọmọ iléèwé jọ sí àgbàlá rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ jáde, ó gbé elégédé tì í.

"Kuntala, ìyá mi, ó yá, gé e."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

"Kí lò ń bẹ̀rù? Òjìji ni. Òjìji kì í gé èèyàn."

Mo ké láti orí ògiri, "Tíṣà, tó bá jẹ́ òjìji ni, ẹ gé e fúnra yín!"

"Ìyá Bulu, ṣé èmi ni mo lóyún ni?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé kì í bá bàbá ọkọ jiyàn ní ọ̀dọ̀ wa. Kuntala fa ìborí rẹ̀ bo ojú, ó jókòó, ó gé elégédé náà nínú òkùnkùn ọ̀sán.

Ó bí Jhilli. Ètè òkè ọmọ náà là títí dé imú.

Dókítà ní ìlú Cuttack rán ètè náà, ó sì sọ fún wọn pé ètè ọmọ ti máa ń pé kí ikùn ìyá rẹ̀ tó yọ rárá, pé ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ kí oòrùn tó dúdú. Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri ojúlé bí ẹni ń kiri iyọ̀. Ẹnì kankan ò rà á. Ìyá Kuntala wá láti abúlé kejì, ó kó ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ lọ sọ ọ́ létí odò lójú gbogbo ayé pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi," ó wí fún Tíṣà. "Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ò ní tẹsẹ̀ bọ ilé yìí mọ́."

"Mi ò ní purọ́ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́."

Ọdún ń gorí ọdún. Prafulla tó bá ti Surat dé, ilé àna rẹ̀ ló ń gbà lọ tààrà. Tíṣà ń dá ìrẹsì sè, ó ń jẹ ẹ́ ní tútù. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri tó ń ṣàlàyé òjìji fún yàrá òfìfo. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Nígbà tí oòrùn tún dúdú, Jhilli ti ń lọ iléèwé. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe padà, abúlé méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ èérí Ràhú nù nínú odò Mahanadi. Tíṣà wọ inú omi títí ó fi dé àyà rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo ní kí ìyàwó ọmọ mi gé elégédé níṣojú Ràhú. Èmi ni mo la ètè ọmọ náà. Ẹ dárí jì mí."

Àwọn tó kọ́ níwèé tẹjú mọ́ omi. Mo fẹ́ pariwo. Ohun tí kò ṣe ló ń tọrọ àforíjì fún! Èyí tó ṣe gan-an, pé ó fi aláboyún tí ẹ̀rù ń bà kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, kò mẹ́nu bà á. Kuntala sunkún. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbé ẹrù rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ padà dé.

Mo bá wọn se ìrẹsì nínú ìkòkò tuntun. Jhilli jókòó ti bàbá àgbà rẹ̀, ó ń gba òkèlè lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí Tíṣà kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá àgbà," ọmọ náà ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ wá fún mi ní ẹnu yìí?"

Tíṣà gbójú sókè wo Kuntala. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò tíì tú ẹrù rẹ̀.

"Èmi ni," Tíṣà dáhùn.

Jhilli fi ìka tọ àpá ètè rẹ̀ lọ sókè títí dé imú. Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn ìyá rẹ̀.