Aago kọ̀ǹpútà mi fẹ́ kó bá mi lónìí

Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Aago méjì ọ̀sán òní ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó gbà mí láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Mo ti pa fóònù mi kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí. Kọ̀ǹpútà ní ó ṣì ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Mo fara balẹ̀, mo ń lọ aṣọ.

Ni Mọ́mì bá wọlé láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ike tó wà ládùúgbò wa l'Ágége.

"Ṣé wọ́n ti bá ẹ sọ̀rọ̀ tán ni?"

"Rárá o, Mọ́mì. Ó di aago méjì."

"Aago méjì ọ̀la ni? Ìrun aago méjì ni mo kí tán tí mo ń bọ̀ yìí!"

Mo sáré ju aṣọ sílẹ̀. Àwa tá à ń ṣọ́ ìràwọ̀, aago kan náà la jọ ń lò kárí ayé láti fi kọ ohun tá a bá rí sílẹ̀. Wákàtí kan ló fi rẹ̀yìn sí ti Èkó. Èmi ni mo ṣètò kọ̀ǹpútà mi bẹ́ẹ̀, mo sì gbàgbé pátápátá!

Ogún ìṣẹ́jú ti lọ kí n tó wọlé bá wọn. Ojú wọn le koko. Ìyá àgbà àárín wọn kò tiẹ̀ béèrè ohun tó dá mi dúró. Wọ́n kàn ní:

"Báwo lo ṣe ń rí i dájú pé àkókò tó ò ń kọ sílẹ̀ péye?"

Ìpayà ò jẹ́ kí n ronú. Mo ní, "Mọ́mì mi ni wọ́n ń sọ fún mi, mà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?