Ojú Bàbá Mi Nínú Fídíò Ìkómọ

Eruku gbígbóná ni tẹlifíṣọ̀n wa máa ń rùn láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tí a bá ti Yídì dé sílé wa ní Òkè-Sopẹn, kí wọ́n tó dúńbú àgbò, màmá mi á ti ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n á ki kásẹ́ẹ̀tì ìkómọ mi bọ ẹ̀rọ fídíò, wọ́n á sì ṣí ìborùn kúrò lórí.

Màmá kì í ṣí orí sílẹ̀ níwájú ọkùnrin mìíràn àfi bàbá mi. Bàbá sì ti kú kí n tó mọ ìrìn. Iná kan ti jó gbogbo fọ́tò wọn, kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù fún wa.

Àwòrán inú rẹ̀ ṣú, ó ń mì, ojú bàbá sì dà bí ojú ẹni tó dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Síbẹ̀ mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ bí wọ́n ṣe tẹ èjìká kan láti gbé mi. Màmá á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú ọdún o, Bàbá Sẹ̀kínà. Ọmọ yín rèé, ó ti ń dàgbà." Èmi náà á kúnlẹ̀. Ẹ̀rù kì í bà mí rárá.

Iléyá tó kọjá, mo ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún màmá, irú èyí tí èèyàn fi ń rí irun ìpéǹpéjú ẹni tó ń ka ìròyìn. Mo ti ní kí wọ́n da fídíò náà sínú fíláàṣì. Ojú ń dun màmá, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ọkọ wọn kedere lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pẹ́ jù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí ìborùn, bíi ti àtijọ́.

Ọkùnrin kan ló jáde, ó wọ agbádá bàbá mi, ó gbé mi dání. Awọ rẹ̀ ń dán, ẹyin ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ṣẹ́jú, ó wò wá.

Màmá fa ìborùn bo orí kíákíá. "Lèsí rèé?" Wọ́n na ìka sí ọkùnrin náà. "Sẹ̀kínà, lèsí ló gbé ẹ dání yìí?"

Mo fi fóònù pe ọ̀gbẹ́ni tó bá wa gbé tẹlifíṣọ̀n náà kọ́ ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í fẹ́ kí àwòrán ṣú. Ibi tí kò bá ti rí ojú, tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ á ya ojú síbẹ̀. Ó sọ ohun tí màá tẹ̀ lára rìmóòtù, mo tẹ̀ ẹ́, àwòrán sì ṣú padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ wò wọ́n, màmá. Wọ́n ti padà."

Màmá wò ó pẹ́. Wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò kí i, wọn ò sì ṣí ìborùn.

Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn kò rí ojú bàbá rẹ̀ rí, ó sì mọ bàbá rẹ̀. Èmi àgbàlagbà ni mo lọ fi owó mi wá ojú fún wọn. Ní báyìí, tí mo bá di ojú mi láti rántí bàbá mi, ọkùnrin yẹn ni mo ń rí. Ó gbé mi dání, ó ń ṣẹ́jú.