Òfin Omi Mímu

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó mi máa ń bá ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ sí àwọn abúlé. Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n á kó oògùn àjẹsára sínú páálí tí wọ́n fi yìnyín sí, wọ́n á gba ọ̀nà Tẹ̀dé, wọ́n á máa gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ lábẹ́ igi, ilẹ̀ á sì ti fẹ́ ṣú kí wọ́n tó padà sí Ṣakí. Ọ̀nà náà kò dára. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ pupa á gbá ọkọ̀ mú, àwọn afárá onípákó á sì máa mì. Èmi, olùkọ́ jọ́gíráfì tí ẹ̀rù máa ń bà ju bó ṣe yẹ lọ, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti aago mẹ́ta, màá máa fetí sílẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà kò ju kí ọkọ̀ yẹn dúró níwájú ilé wa, kí n gbọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé. Bí mo bá ṣe ń dúró, mo máa ń kọ òfin.

Òfin eré ni. Òyìnbó kan tó fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé wa ló fi àpótí kan sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ. Mo bá ṣẹ́ẹ̀tì méjì níbẹ̀, àti kẹ́tùlù kan tó ń jò, àti àwọn dáìsì tí n kò rí irú wọn rí. Òmíràn ní ojú mẹ́rin, òmíràn ní ogún. Ìwé eré kan sì wà nísàlẹ̀ wọn. Eré náà kò ní pátákó bíi ti lúdò, kò sì ní ọmọ bíi ti ayò. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Oníkálukú á dá èèyàn kan sílẹ̀ lórí bébà, á sọ ẹni tó jẹ́, ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Àwọn èèyàn orí bébà yìí á wá jọ wọ ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, wọ́n á máa lọ sí ibi tí ẹ̀rọ àti oògùn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí èèyàn lè gbé ìbọn onímọ̀nàmọ́ná kọ́ èjìká, kó sì tún máa pe ọfọ̀. Ẹnì kan nínú wa á jẹ́ atọ́kùn, òun ni yóò máa sọ ohun tí wọ́n bá pàdé. Bí o bá fẹ́ ṣe ohun tó le, o ju dáìsì.

Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ó rọrùn. Ìwé náà kò rọrùn. Òfin wà lórí òfin, àwọn tábìlì òǹkà sì kún ojú ìwé dé etí. Ikán sì ti jẹ ẹ́ láti àárín dé ìparí kí n tó ṣí i. Mo ní kí n kọ èyí tí ikán jẹ padà. Nígbà tí mo kọ ìyẹn tán, n kò dúró. Mo kọ iye omi tí ọkọ̀ lè gbé, mo kọ bí ojú ọ̀run ṣe ń tutù tó, mo kọ bí ẹsẹ̀ tó kán ṣe ń pẹ́ tó kó tó jinná. Ó gba ìwé àkọsílẹ̀ méjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta.

Àwa mẹ́rin là ń ta á, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tí Àlàájì bá ti kírun Alásárì tán. Àlàájì ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa, àgbàlagbà tó ti hu ewú, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bẹ̀rù ju ọ̀gá gan-an lọ. Àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ni atọ́kùn wa, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹ̀yìn wọn, ó ku èmi àti ìyàwó mi. Ìyàwó mi á din wàrà tó bá rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, a ó sì máa jẹ ẹ́ bí a bá ṣe ń lọ láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn.

Àlàájì dá ọdẹ kan sílẹ̀. Èmi dá ọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe, mo sì fi ojú ìwé mẹ́rin kọ ọ́. Agbára rẹ̀ ní òǹkà, ọgbọ́n rẹ̀ ní òǹkà, bó ṣe lè mí pẹ́ tó lábẹ́ omi ní òǹkà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kò dé ibi tí omi wà rí. Ìyàwó mi kà á láti òkè délẹ̀, ó wá bi mí bóyá ọkùnrin náà máa ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀. Mo sọ fún un pé ìyẹn kò sí nínú òfin.

Ti òun kò ju ìlà méjì lọ. Ẹ̀yìn káàdì ilé ìwòsàn ló kọ ọ́ sí: Obìnrin tó ń gbé aláìsàn láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn. Ó máa ń padà wálé.

Mo ní kí ni “ó máa ń padà wálé” túmọ̀ sí. Ó ní bí mo ṣe kà á yẹn náà ni. Mo ní kò ṣeé ṣe, ohun tí kò lè kùnà kì í ṣe eré. Ó gbọ́dọ̀ ní òǹkà bíi ti gbogbo wa. Kó ju dáìsì ológún ojú ní gbogbo ìgbà tó bá jáde, bí ó bá bọ́ sí ookan, obìnrin náà kò padà mọ́. Àlàájì ń wo òkè àjà. Àgùnbánirọ̀ ń jẹ wàrà.

Ìyàwó mi ní, “Tíṣà, ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ. Mi ò ní fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé obìnrin náà ò délé. Ẹ kọ gbogbo ìyókù bó bá ṣe wù yín.”

Mo bínú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń bá a yan odì lórí ọ̀rọ̀ bébà, èmi tí mo ń fi òfin bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wí pé wọn ò mọ àgbà. Ó ń gbé oúnjẹ wá, mo ń jẹ ẹ́. Nísinsìnyí ni mo mọ ohun tó ń ṣe mí nígbà náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sì ń fi ìbínú bò ó. Mo fẹ́ kí ẹnì kan fi òǹkà náà hàn mí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún ni, mo lè máa fi ìyẹn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níkẹyìn mo ya àpótí kékeré kan síwájú ìlà rẹ̀ fún òǹkà, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ọdẹ Àlàájì ló kọ́kọ́ kú nínú wa. Ọkọ̀ já lójú ọ̀run, dáìsì kò gbè é, àgùnbánirọ̀ sì yíjú sí i, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, “Ẹ ti kú, sà.” Àlàájì gbé fìlà rẹ̀, ó dìde, ó ní wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn náà, kò wá. Àgùnbánirọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní ọ́fíìsì, Àlàájì ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tóun máa wá.

Ìyàwó mi ló yanjú rẹ̀. Ó ní nínú iṣẹ́ tàwọn, wọn kì í dédé túfọ̀ fún èèyàn. Bí wọ́n bá lọ bá onítọ̀hún nílé, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó, wọ́n á kí i, wọ́n á ní kó fún àwọn lómi. Ó ní ẹni tó bá lọ bu omi á ti fura kó tó padà dé, kò sì sí ẹni tó máa tijú pé òun kò mọ ohun tóun máa sọ. Mo rí i pé ó dáa. Mo kọ ọ́ bí òfin kẹtàdínlógójì, pẹ̀lú ìwé tó mọ́ gaara: Bí ẹni ẹnì kan bá kú nínú eré, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ níbi eré. Gbogbo àwọn tó kù ni yóò lọ sí ilé rẹ̀. Wọn yóò béèrè omi. Gbogbo ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ mu omi tirẹ̀ tán. Nígbà náà ni àgbà inú wọn yóò sọ pé, Ẹni wa ò bọ̀ mọ́.

Òun nìkan ni òfin tí ìyàwó mi fẹ́ràn nínú gbogbo ìwé náà. Àwa mẹ́ta lọ sílé Àlàájì, a jókòó, a béèrè omi. Ó wò wá títí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Sátidé yẹn ló padà wá pẹ̀lú ọdẹ tuntun, àbúrò ọdẹ àkọ́kọ́, ó sì fún eléyìí ní egbé, oògùn tí í gbé èèyàn kúrò nínú ewu padà sí ilé rẹ̀. Bí nǹkan kékeré bá ti ta pútú, ọdẹ ti délé. Mo tún ní láti kọ òfin fún ìyẹn.

Ohun tó kù yìí, bí mo ṣe rí i ni mo máa sọ ọ́. Àwọn èèyàn ti bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi. Kò rí bákan. Mo rántí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó rántí ọ̀nà ọjà.

Ní Sátidé kan nígbà òjò, ọkùnrin mi tó ń tún ọkọ̀ ṣe há sínú yàrá ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn ti dì, iná ń bọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a kò tíì ju dáìsì, a ní ó di Sátidé tó ń bọ̀. Ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní òun á wá béèrè omi lọ́wọ́ mi nínú ilé ara wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún sọ ọ́ kó tó wọ ọkọ̀, mo sì sọ fún un pé kó máa lọ, àwọn ọmọ ń dúró dè é.

Aago márùn-ún ti fẹ́ lù. Òjò ti dá. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kẹta, mo ń kọ òfin nípa ilẹ̀kùn tó bá dì. Mo rí Àlàájì àti àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá. Wọ́n kí mi, wọ́n jókòó. Àlàájì ní kí n fún àwọn lómi.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ò lè fi èyí mú mi, a ò tíì ju dáìsì. Mo tún ní òfin ní gbogbo àwọn tó kù ló gbọ́dọ̀ wá, ẹ ò pé, ó ku ẹnì kan, ṣé ẹ ò lè dúró de Nọ́ọ̀sì ni? Àlàájì tún béèrè omi. Mo gbà pé eré ni wọ́n fẹ́ ṣe dáadáa. Mo lọ sídìí àmù, mo fọ kọ́ọ̀bù méjì, mo bu omi. Ìyàwó mi ti sọ pé ẹni tó lọ bu omi á ti fura kó tó padà dé. Èmi kò fura. Èsì tí mo máa fún wọn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo ń tò sẹ́nu.

Àlàájì mu tirẹ̀ tán, ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Àgùnbánirọ̀ di tirẹ̀ mú. Ẹrẹ̀ pupa wà lára sọ́ọ̀kì rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò mu ún, omi náà sì ń dà sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún un pé kó mu ún tán, òfin ni. Ó wò mí. Mo tún un sọ. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù.

Àlàájì ní, “Tíṣà, kì í ṣe eré la bá wá. Ọkọ̀ wọn já sódò níbi afárá. Wọ́n ránṣẹ́ sílé-ìwé.” Ó ṣí fìlà lórí. “Ẹni wa ò bọ̀ mọ́.”

N kò sunkún. N kò jókòó. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, mo ṣí i, mo wá òfin kẹtàdínlógójì, mo sì fi ìka tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹni tó bu omi máa ṣe tẹ̀lé e ni mo ń wá. Àgùnbánirọ̀ fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, Àlàájì ní kó fi mí sílẹ̀. Mo kà á dé ibi tí àgbà ti sọ̀rọ̀. Ó parí síbẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé kejì. Òfin egbé ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: Ẹni tó bá ní egbé lè fi í padà sílé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.