Èbù Tó Jiná

Ìgbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Ọ̀yọ́, ni kùkùté gún bàbá mi lẹ́sẹ̀ lóko wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn fínra tẹ́lẹ̀, egbò náà kọ̀, kò jiná. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ mọ́tò lọ wò wọ́n ló ń fẹ̀ sí i.

Ní sáà yẹn gan-an, olùkọ́ wa ní ká tẹ ṣóńṣó gbòǹgbò àlùbọ́sà mọ́ gíláàsì, ká fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí méjì. Wọ́n ní àwọn purotéènì kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fún un pé ó yá, pín. Àwọn mìíràn ń sọ pé ó tó, dúró. Àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá wọn mọ̀ ni. Tí a bá gé iṣu, àwọn ló ń jí sẹ́ẹ̀lì ibi ọgbẹ́ náà kó máa pín títí awọ tuntun yóò fi bò ó. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ èyí tí wọ́n sọ tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo délé, mo bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gé èbù iṣu, wọ́n ń fi eérú pa ojú rẹ̀. Mo rò ó fún wọn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ti bí ọ̀mọ̀wé tí yóò máa bá iṣu sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọ̀bẹ dúró, wọ́n bi mí bóyá àwa èèyàn náà ní purotéènì yìí. Mo ní a ní in, ó sì fẹ́ jọ ti iṣu.

“Kí ló wá dé tí ti iṣu ń gbọ́, tí tèmi ò gbọ́?”

Mo mú èbù kan, mo bá wọn fi eérú pa ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo tún padà lọ wò wọ́n, wọ́n ti tú báńdéèjì ọsibítù, wọ́n ti da eérú èbù kún egbò náà. Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Bàbá mi kọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú wọn, mo lọ sẹ́yìnkùlé. Èbù wà níbi tí wọ́n tò ó sí. Mo mú ọ̀kan, mo gbọn eérú ojú rẹ̀ dànù. Awọ tuntun ti bo ibi tí ọ̀bẹ bàbá mi gbà kọjá, ó sì ti ń rú. Mo fẹ́ là á mọ́ ògiri, ọkàn mi ò gbà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo dì í mú, mo wá ń bi í ní ìbéèrè bàbá mi.