Àwàdà Tí Mo Ṣe ní Àsàlátù

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń to sípíkà fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Peckham, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kankan rí. Àwọn àgbà ló máa ń sọ̀rọ̀. Èmi a máa jókòó sẹ́yìn, nídìí wáyà.

Ní Sunday kan, lẹ́yìn àdúrà, nọ́ọ̀sì kan wá bá wa. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, agbẹ̀bí sì ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn fẹ́ ṣí yàrá kékeré kan níbi tí ìyá tí ọ̀nà há mọ́ ti lè gbé ọmọ tuntun lé agbẹ̀bí lọ́wọ́, láìsí pé wọ́n ń bèèrè orúkọ ẹ̀, láìsí ọlọ́pàá. Òfin ò tíì gba irú ẹ̀ láàyè níbí, káńsù sì ní àwọn ò lówó ẹ̀. Nítorí náà, Àǹtí nọ́ọ̀sì ní ká bá àwọn buwọ́ lu ìwé sí ìjọba, ká sì dá ohun tí agbára wa bá ká.

Ìyá kan ní, "Tí ọmọ ọ̀hún bá dàgbà, tó ní 'ta ló bí mi?', kí la fẹ́ wí fún un?"

Àlàájì kan dáhùn pé, "Àlhájà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà láàyè ná, kó tó bi wá."

Ibẹ̀ ni alága ti rí mi. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn ọ̀dọ́. Ìwọ, dìde."

Orí mi wú. Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin òbí wa, tí bàtà tí mo rà ò bá wọ̀ mí, mo lè dá a padà, tí mo bá ní rìsíìtì. Ṣé ọmọ náà ti ń bá rìsíìtì wá ni?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn ìyá ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́hun á fún mi ní aya rere. Ìwọ̀nba èèyàn ló buwọ́ lu ìwé yẹn. Àǹtí nọ́ọ̀sì ká a, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Rye Lane ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ló ń gé ẹja, ọmọbìnrin kan tó wá kàwé láti ilé ló ń ha ìpẹ́. Épírọ́ọ̀nù rọ́bà ńlá kan wà lọ́rùn ẹ̀ láti àárọ̀. Bó bá fẹ́ jẹun gan-an, kì í bọ́ ọ. Nígbà míì á sáré lọ bì lẹ́yìn, èmi á ní, "Ọmọ ọba, ṣé òórùn ẹja ni?"

Nọ́ọ̀sì yẹn ti lẹ ìwé kan nípa yàrá náà mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù wa. Ní Monday, ọmọbìnrin yìí bi mí pé, "Ṣé wọ́n gbà á ní àsàlátù yín?"

"Gbà kí ni? Èmi gan-an ni mo pa ọ̀rọ̀ yẹn!" Mo sì tún àwàdà mi ṣe fún un.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O gbọ́n o, bros." Ó padà sídìí ẹja, ó ń ha á títí awọ ẹ̀ fi ń bó.

Lọ́sẹ̀ kejì, kò wá síṣẹ́. Ìyá tó gbà á sílé ló wá sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà nìkan ló dá bímọ ní bálùwẹ̀. Ó fi táwẹ̀lì wé ọmọ náà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Old Kent Road láàárọ̀, kí àwọn tó ń fọ mọ́tò ní òdìkejì lè rí i. Òtútù ti mú ọmọ náà, àmọ́ ó yè.

Àwọn kan ní yàrá yẹn á kọ́ ọmọbìnrin láti ju ọmọ nù. Èmi náà wà lára wọn. Àmọ́ ọmọbìnrin tí mo mọ̀ dúró nínú òjò níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, kò kúrò títí wọ́n fi gbé ọmọ náà. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti bá a.

Nígbà tí ọlọ́pàá fi í sílẹ̀, mo lọ kí i nínú ilé tí káńsù fi í sí ní Surrey Quays. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀ ni."

"O ò bèèrè náà."

Mo ní ká tiẹ̀ ní a ti buwọ́ lù ú, yàrá yẹn ì bá má tíì ṣí.

"Mo mọ̀. Àmọ́ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì wà nínú ìwé tó wà lára gíláàsì. Mo fẹ́ pè wọ́n ní Monday yẹn. Nígbà tí o wá ń ṣe àwàdà, mo rò pé nọ́ọ̀sì náà bá yín rẹ́rìn-ín."

 Ó wá bi mí bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun rí ọmọ náà. Mo ní mi ò mọ̀, àmọ́ mo mọ ẹni tó máa mọ̀.

Mo pe nọ́ńbà náà. Mo kọ́kọ́ sọ pé èmi ni mo ṣe àwàdà rìsíìtì yẹn, mo wá sọ ti ọmọbìnrin náà àti ibi tí a wà. Àǹtí nọ́ọ̀sì fo ti àwàdà yẹn, wọ́n bi mí pé:

"Ṣé ó ti jẹun? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Má kúrò níbẹ̀ o. Mò ń bọ̀."

Mo lọ wá nǹkan tí a lè sè nínú kíṣìnì.