Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Mi àti Ìwé Inú Ẹ̀rọ

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kú. Àwa méjì péré la wà ní pálọ̀ mi ní Òkìtìpupa, èmi àti ẹ̀gbọ́n olóògbé ìyàwó mi. Iná ti lọ láti àárọ̀.

Olùkọ́ yunifásítì ni. Kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ ló ti ń kàwé. Á kọ́kọ́ fi ahọ́n lá ìka kó tó tẹ bọ́tìnnì, bí ẹni tó fẹ́ ṣí ojú ewé. "Oúnjẹ ikán ni bébà," ló máa ń wí.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, òun ló ṣáájú ẹbí wá kó ẹrù rẹ̀. Ó pín aṣọ fún àwọn àbúrò, ó sì dáná sun àwọn ìwé ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ìwé wọ̀nyẹn ni ìyàwó mi fi kọ́ mi ní kíkà nígbà tí mo ti lé lógójì ọdún. Ìwé Ìtàn Ìkálẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, torí abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. N kò gbàgbé ọjọ́ náà.

Ìtàn yìí gan-an ló fẹ́ sọ níbi ìkórè ìjọ ní Osooro lọ́jọ́ kejì, inú ẹ̀rọ tó kú yẹn ló sì wà.

"Àna mi, mo gbọ́ pé ìwé kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi."

"Ikán ti jẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí lọ́la o!"

"Ó dàárọ̀, sà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àga síwájú ilé, létí ọ̀nà Osooro, mo ń ka ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n kọjá lórí ọ̀kadà nínú agbádá funfun, ó kí mi. N kò gbójú sókè.